Big 12 ní sáà 2025 sí 2026: ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù yóò wà?

Ẹ̀gbọ́n tí ó bèèrè pé ta ni yóò gba Big 12, líìgì àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní sáà bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n 2025 sí 2026, bóyá Houston tí àwọn àgbà rẹ̀ padà ni, tàbí BYU àti Kansas tí wọ́n mú AJ Dybantsa àti Darryn Peterson wọlé láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi ti rí dáhùn. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni mo kọ èyí, kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú Houston ni mo ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, àwa mẹ́sàn-án tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń kọ bí a ṣe rò pé líìgì náà yóò ṣe tò sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan ni tèmi wà. Mo ṣí i lánàá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo sì tún rí àṣìṣe ńlá méjì nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi ṣẹ lọ.

Àṣìṣe kìíní jẹ́ ti ọdún 2023. Ọdún náà ni Houston kọ́kọ́ wọ Big 12 pẹ̀lú BYU, Cincinnati àti UCF, mo sì ka àwọn tí wọ́n fi ikọ̀ náà sílẹ̀: Marcus Sasser lọ, Jarace Walker lọ, àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, sì yan àwọn méjèèjì ní ìpele àkọ́kọ́. Mo sọ fún ara mi pé ilé tí òpó méjì ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè dúró nínú ìjì tuntun, mo sì kọ Houston sí ipò karùn-ún. Eré 15 ni wọ́n borí nínú 18, àwọn ni wọ́n sì gba líìgì náà ní ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ohun tí mi ò wò ni pé Jamal Shead kò lọ síbì kankan. Shead ló ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín pápá, òun ló ń sọ ibi tí olúkúlùkù yóò dúró, òun kan náà ló sì ń lẹ̀ mọ́ adarí eré ikọ̀ kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tí sáà náà parí, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Big 12.

Ìyẹn ni mo fi rò pé mo ti gbọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, mo ní ẹni tó bá padà nìkan ló ṣe pàtàkì, mo sì gbé Kansas sí òkè pátápátá, nítorí Hunter Dickinson, Dajuan Harris àti KJ Adams ni wọ́n padà, àwọn àgbà tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi nìkan kọ́ ni mo rò bẹ́ẹ̀, torí Kansas ni àwọn oníròyìn fi ṣe ìkíní ní gbogbo Amẹ́ríkà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Houston ni mo fi ṣe ìkẹta, torí pé Shead ti lọ. Kansas pàdánù eré 13, Arkansas sì fi àmì 79 sí 72 lé wọn sílé ní eré àkọ́kọ́ nínú ìdíje orílẹ̀-èdè. Houston borí eré 19 nínú 20 ní líìgì. Ohun tí ojú mi fò ní ọ̀dọ̀ Kansas ni pé ọdún púpọ̀ kì í sọ ẹni tí kì í ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè di ẹni tó ń jù ú. Adams kì í jù ú, ara Harris náà kì í yá sí i, nítorí náà àwọn ọ̀tá a máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, wọn a sì kóra jọ sábẹ́ àwọ̀n lé Dickinson lórí. Ní ọ̀dọ̀ Houston, mi ò ka Milos Uzan sí, ẹni tó ṣí láti Oklahoma wá gba iṣẹ́ Shead. Ó bá ikọ̀ tó ti mọ ara rẹ̀ pàdé, wọn kò sì bi í ju pé kó di bọ́ọ̀lù mú, kó má sọ ọ́ nù.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti ka iye ẹni tó padà mọ́, mi ò sì ka iye ìràwọ̀ tí wọ́n fi sí iwájú orúkọ ọmọ tuntun láti fi bí ó ṣe dára tó hàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, nígbà tí eré bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àmì tó wà láàárín ikọ̀ méjèèjì kò sì ju mẹ́rin lọ, ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù yóò wà, ǹjẹ́ onítọ̀hún sì ti dúró níbẹ̀ rí? Ẹ̀yìn èyí ni mo tó ń wo àlàfo, pé iṣẹ́ wo gan-an ni ẹni tó lọ ń ṣe, ta ni yóò sì máa ṣe é. Ọmọ tuntun tó bá bọ́ sí ibi tí àgbà kan ti ń di bọ́ọ̀lù mú yóò rí àyè mí. Èyí tí wọ́n bá gbé gbogbo ẹrù lé lórí láti ọjọ́ kìíní lè ṣe bẹbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikọ̀ rẹ̀ yóò pàdánù àwọn eré kan ní oṣù kìíní nígbà tó bá ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ sì rántí pé eré 18 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbá ní líìgì lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe 20 mọ́, nítorí náà eré méjì tí ọmọdé bá fi kọ́ṣẹ́ ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ Houston sí ipò kìíní, kì í ṣe nítorí pé ìlú mi ni. Uzan padà, Emanuel Sharp padà, Joseph Tugler padà. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sharp nínú àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè ní San Antonio lálẹ́ ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025. Florida ti fi àmì 65 sí 63 ṣíwájú, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí Sharp lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlà àmì mẹ́ta. Ó fò sókè láti jù ú, ó rí Walter Clayton tó ń fò bọ̀ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ń ta sókè sódò lórí pátákó níwájú rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án, nítorí bó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀ṣẹ̀ ni adájọ́ yóò fọn fèrè fún. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò ṣe tán. Mo jókòó sórí àga ní pálọ̀ mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí mo ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀, nínú eré tó gbé wọn dé àṣekágbá, Duke ti fi àmì 14 ṣíwájú àwọn ọmọ yìí kan náà. Tugler fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú wọ pápá nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n sì fìyà jẹ wọ́n fún un, síbẹ̀ Tugler náà ló gbé bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn jù tì sọ sínú àwọ̀n kété lẹ́yìn náà, wọ́n sì borí pẹ̀lú àmì 70 sí 67. Àwọn tí wọ́n ti la irú alẹ́ méjèèjì kọjá ló padà wá.

Àlàfo méjì ló wà níbẹ̀. L.J. Cryer tó ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè ti lọ, J'Wan Roberts tó jẹ́ àgbà lábẹ́ àwọ̀n náà ti lọ. Àwọn ọmọ tuntun mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wọn ni Chris Cenac, Kingston Flemings àti Isiah Harwell. Ibi Roberts ni Cenac máa bọ́ sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rù sì ti ń bà mí díẹ̀, torí pé iṣẹ́ Roberts kò hàn nínú àkọsílẹ̀: òun ló ń pariwo sí àwọn yòókù pé kí wọ́n yí sápá ibí, kí wọ́n sún sẹ́yìn. Kelvin Sampson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tó pé 70 ọdún ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, kì í sì í fi ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń dènà sí pápá, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Nígbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n kúrò ní Èkó dé yunifásítì yìí ní 1980, kò gbá eré kankan ní sáà àkọ́kọ́, orí ìjókòó ló sì ti ń wọlé ní sáà kejì. Ọdún 1984 ni NBA yàn án ṣáájú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí yóò fún Cenac ní ọdún mẹ́rin. Ohun tó wà fún un ni pé Tugler yóò dúró tì í, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá fún un kò sì ní máa gbọ̀n.

Texas Tech ni mo fi ṣe ìkejì, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. JT Toppin, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Big 12 ní sáà tó kọjá, kọ̀ láti lọ sí NBA. Àwọn ni wọ́n fi àmì 75 sí 66 ṣíwájú Florida nínú ìdíje orílẹ̀-èdè kan náà nígbà tí eré kò ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí wọ́n sì tún pàdánù rẹ̀ ní 84 sí 79. Darrion Williams ti lọ sí NC State, ṣùgbọ́n Christian Anderson ni bọ́ọ̀lù yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọmọ náà sì ti kó Jámánì dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé 19 ọdún ní Lausanne lóṣù keje.

Amẹ́ríkà ló nà wọ́n níbẹ̀, Dybantsa ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá ìdíje náà. Nítorí náà, ẹ má rò pé mò ń fojú kéré rẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́sàn-án, ó sì lè gbé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ohun tó mú mi gba BYU gbọ́ dé ipò kẹta ni àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Richie Saunders padà, Rob Wright sì ṣí wá láti Baylor láti máa darí eré. Ìyẹn ni pé wọn kò ní gbé gbogbo ẹrù lé ọmọ ọdún 18 lórí. Ohun tí n kò gbàgbé ni bí Alabama ṣe ju àmì mẹ́ta nígbà 25 sí wọn nínú eré kan ṣoṣo ní oṣù kẹta, tí eré náà sì parí sí 113 sí 88. Ẹni tí yóò dènà irú ìyẹn, n kò tíì rí i nínú àwọn tí wọ́n mú wọlé.

Ìkẹrin ni Arizona. Caleb Love ti lọ, Koa Peat àti Brayden Burries sì dé, ṣùgbọ́n Jaden Bradley ni yóò máa di bọ́ọ̀lù mú, Tobe Awaka sì wà lábẹ́ àwọ̀n láti máa kó bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Iowa State tẹ̀ lé wọn nítorí Tamin Lipsey àti Joshua Jefferson. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Kansas ni mo fi ṣe ìkẹfà, mo sì mọ̀ pé yóò dun àwọn kan. Peterson lè jẹ́ ọmọ tuntun tó dára jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n Dickinson, Harris àti Adams lọ lẹ́ẹ̀kan náà, Flory Bidunga nìkan ni a lè pè ní àgbà nínú àwọn tó padà, òun náà sì ti kó ẹrù rẹ̀ fẹ́ lọ kí ó tó yí ọkàn padà. Bí ara Peterson bá rẹ̀, ta ni yóò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀? Melvin Council tó wá láti St. Bonaventure ni ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo rí, n kò sì tíì rí i kó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì tó le tó báyìí.

Baylor ló ń dà mí láàmú jù, nítorí pé ọkàn mi fẹ́ràn wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní sáà tó kọjá ló ti lọ. Láti ọdún 2024 tí agbábọ́ọ̀lù ti lè ṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn ní iye ìgbà tó bá wù ú láìjókòó ọdún kan, tí owó sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, irú èyí kì í ṣe ìyanu mọ́. Láti oṣù keje ọdún 2025, yunifásítì kan lè pín tó mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀ dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ ní sáà 2025 sí 2026. Ọmọ tuntun wọn ni Tounde Yessoufou, ọmọ ilẹ̀ Benin, tí kò sí ọmọkùnrin mìíràn tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó o nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́ girama ní California. Túndé wa ni orúkọ yẹn, bí àwọn ará Benin ṣe ń fi àkọtọ́ Faransé kọ ọ́, mo sì máa ń dìde lórí àga nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Síbẹ̀, bí mo bá bi ara mi léèrè ìbéèrè mi, pé ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù yóò wà nígbà tí eré bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù rí ni ìdáhùn. Ipò kẹjọ ni mo kọ wọ́n sí, mo sì fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí n má baà yí i padà.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2025, Arizona yóò pàdé Florida, BYU yóò sì pàdé Villanova, ní Las Vegas ni eré méjèèjì. Bí ẹ bá ráyè wò wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo iye àmì tí Peat tàbí Dybantsa bá ní. Ẹ wo ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, kí ẹ kọ ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí ọ̀tá bá ń fúngun mọ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá Bradley àti Wright ni, tàbí àwọn ọmọ náà ti ń gbà á lọ́wọ́ wọn.