Ṣé mo lè ra báàjì Girl Scouts fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní kíláàsì kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Girl Scouts níbí ní Maryland. Báàjì kún ẹ̀wù àwọn ọmọ yòókù, òfìfo sì ni tirẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń tà á ní dọ́là díẹ̀ ní ilé ìtajà ẹgbẹ́ náà. Ṣé kí n ra mélòó kan fún un kí ojú má bàa tì í? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á gan-an, ṣé èyí tí ìyá mi ń kọ́ ọ nílé lè kà, kí sì ni Bronze Award tí wọ́n ń sọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, mà. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń tajà kò ní bi yín léèrè ohun tí ọmọ yín ṣe kí ó tó gba owó lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni báàjì jẹ́, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì parí ni à ń rà á. Bí ẹ bá rán an mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lónìí, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá bi í pé, “Kí lo ṣe tí o fi gba eléyìí?”, ìtìjú tí ẹ ń sá fún ló máa pàdé níbẹ̀ yẹn.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀wù àwọn yòókù kó ìpayà bá yín, ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn kẹ̀yìn sí yín. Iwájú ẹ̀wù ni báàjì tí a ṣiṣẹ́ fún máa ń wà. Ẹ̀yìn ni a ń lẹ àwọn àlẹ̀mọ́ ìrántí tí wọ́n ń pè ní patch mọ́, èyí tí ọmọ máa ń gbà nítorí pé ó lọ wo ẹranko, pé ó sùn ní àgọ́, tàbí pé ó bá wọn ta bisikíìtì. Ẹ̀yìn ẹ̀wù a máa tètè kún. Ohun mìíràn tí àwọn òbí tuntun kì í mọ̀ ni pé ìpele Junior, tí í ṣe ti kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún, ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tirẹ̀. Báàjì tí ọmọ gbà nígbà tó wà ní Brownie, ìpele tó ṣáájú Junior, máa ń dúró sórí ẹ̀wù aláwọ̀ ilẹ̀ ti Brownie. Nítorí náà, àwọn tó wà níbẹ̀ láti ọmọ ọdún márùn-ún pàápàá fi òfìfo bẹ̀rẹ̀ Junior ni.

Bí a ṣe ń gbà á kò ṣòro láti lóye, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ bá ṣe Girl Guides nílé, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Lady Oyinkan Abayomi darí ní Nàìjíríà nígbà kan rí, nítorí orísun kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti ṣẹ̀. Ní ìpele ọmọ yín, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ báàjì ní, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà bíi mẹ́ta tí ọmọ lè gbà ṣe é; ọ̀kan péré ni yóò mú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi báàjì oúnjẹ sísè tí wọ́n ń pè ní Simple Meals ṣàlàyé. Ọmọ yóò kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, yóò se oúnjẹ àárọ̀, yóò se ti ọ̀sán tàbí ti alẹ́, yóò ṣe ìpanu aládùn kan, lẹ́yìn náà ni yóò fúnra rẹ̀ ṣètò odidi oúnjẹ kan. Bí ìyá yín bá mọ ọbẹ̀ í sè, ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọ kan wà nínú ọ̀wọ́ tí mò ń bójú tó tó fi mọ́ínmọ́ín ṣe oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀. Àkọ́kọ́ kò dì. Ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú nínú agolo. Ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún mi pé díẹ̀ ló kù kí òun gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà fi ife wọn omi tó ń dà sí ẹ̀wà, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó gbé e wá sí ìpàdé, ó ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́. Mi ò tún bi í ní ìbéèrè kankan.

Kò sí ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alábẹ̀wò láti òkèèrè. Ọmọ àti olùdarí rẹ̀ ló ń gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni pé òbí á gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọmọ lè dá ṣe báàjì nílé, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún olùdarí, torí àwọn kan ń fẹ́ rí àwòrán.

Bronze Award kì í ṣe báàjì. Àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún Junior ni, àwọn ọmọ a máa para pọ̀ ṣe é, wọ́n a sì mú ìṣòro kan ládùúgbò wọn yanjú. Nǹkan bíi wákàtí 20 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Silver Award ti Cadette, ìpele tó tẹ̀lé Junior, jẹ́ nǹkan bíi 50. Gold Award, tó ti ń jẹ́ orúkọ yẹn láti 1980, jẹ́ 80, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń darí iṣẹ́ náà. Èmi kò ní kánjú sí Bronze lọ́dún yìí. Kí ó gba báàjì méjì tàbí mẹ́ta ná, kí ẹ wá bi olùdarí ìgbà tí ọ̀wọ́ wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Junior.

Bí báàjì àkọ́kọ́ bá sì dé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ní kí a fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀. Bí a bá fọ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mejì péré, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló dára jù, ọmọ kíláàsì kẹrin sì lè rán an fúnra rẹ̀.