Báwo ni àwọn ewéko tó ń mú ooru jáde ṣe ń fa kòkòrò mọ́ra?

Ooru náà ló ń gbé òórùn wọn rìn. Bí ọbẹ̀ gbígbóná ṣe ń ta sánsán ju èyí tó ti tutù lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn ṣe ń tètè tú jáde lára òdòdó tó gbóná.

Ẹ wo Amorphophallus titanum, ewéko igbó Sumatra ní Indonéṣíà. Ọ̀pá kan máa ń yọ láàárín òdòdó rẹ̀ tó lè ga ju mítà 2 lọ. Lálẹ́ tó bá tanná, ọ̀pá yìí á gbóná tó ara èèyàn, nǹkan bí 36 °C, á sì máa rùn bí òkú ẹran. Sítáàṣì tó ti kó pa mọ́ ló ń jó láti fi rí ooru yìí. Eṣinṣin àti àwọn kòkòrò tó ń jẹ òkú ẹran á rò pé oúnjẹ ti dé. Àti akọ àti abo ló wà lára ewéko kan náà, àmọ́ òdòdó abo ló ń kọ́kọ́ là. Ó di ọjọ́ kejì kí ti akọ tó tú lẹ́búlẹ́bú (ìyẹ̀fun tó ń mú kí abo so èso) sílẹ̀, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò gbé wá láti ara òmíràn ni abo ń gbà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tan kòkòrò jẹ o. Èyí tó wú mi lórí jù ni lotus, Nelumbo nucifera, ewéko inú omi kan: òdòdó rẹ̀ ń wà láàárín 30 sí 36 °C, kódà bí ìta bá tutù dé 10 °C. Kòkòrò tó bá sùn sínú rẹ̀ kò ní máa ná agbára ara rẹ̀ láti fi mú ara gbóná. Á jẹun, á bá ẹnì kejì rẹ̀ gùn níbẹ̀, á sì gbé lẹ́búlẹ́bú jáde.