Ẹni méjìlá yẹn ti tó, àbúrò

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe alága ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn eré ìdárayá ní ilé-ìwé yín, pé ẹni méjìlá péré ló ń wá sí pápá, ilé-ìwé ò sì fún yín ní kọ́bọ̀. O ń béèrè bóyá kí ẹ máa dá owó oṣooṣù, bóyá kí ẹ gba jẹ́sì tí ẹnì kan tó ń du ipò ààrẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ rà fún yín, àti bóyá kí ẹ ra vuvuzela. Mo jókòó sórí àga yẹn náà fún ọdún méjì, 2016 sí 2018, ìdí mi sì mọ̀ pé ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kí n kọ́kọ́ gbé ti ẹni méjìlá kúrò nílẹ̀, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Nígbà tí mo débẹ̀, bí ogún la jẹ́. Mo ní a kéré, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èrò kiri. A lẹ ìwé mọ́ ara ògiri gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ra bísíkíìtì àti omi inú ọ̀rá, a ní ẹnikẹ́ni tó bá wá wo eré àkọ́kọ́ máa rí nǹkan fi panu. Èrò ya bo pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n tó igba. Bísíkíìtì tán kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù fún ogún ìṣẹ́jú. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n jẹ wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá, méjì nínú wọn sì ń bi mí pé ṣé bísíkíìtì ṣì kù. ₦42,000 ni mo fi ṣe àríyá yẹn. Ìlù ni à bá fi rà.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé èrò kọ́ ni ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ni àwọn bíi mẹ́wàá tó mọ orin, tó mọ ìlù, tí òjò ò lè lé kúrò ní pápá nígbà tí wọ́n bá ti jẹ yín ní méjì sí òdo. Ariwo wọn ni èrò máa wá bá. Ẹ̀gbẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọkùnrin ni pápá tiwa wà. Tí gángan bá ti dún ní aago mẹ́rin, wàá kọ́kọ́ rí orí méjì mẹ́ta lójú fèrèsé. Láìpẹ́ wọ́n á bọ́ sí bákónì. Kó tó di ìsinmi àárín eré, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn so táwẹ̀lì mọ́ ọrùn. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní bísíkíìtì.

Ìlù náà ní bí a ṣe ń lù ú. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ń tẹ̀ lé Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, láti kékeré, tó jẹ́ pé ife Áfíríkà tí Shooting gbà ní 1976 ló fi ń búra. Ó wá wò wá lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́ títí eré fi parí, ó wá ní, “Ara yín lẹ̀ ń lùlù fún. Ẹ lù ú fún bọ́ọ̀lù.” Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ àwọn ẹ̀yìn wa, kí ìlù rọra máa rìn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bó bá dé ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré lẹ́bàá ìlà, kí àkúbà ta kìjí. Gángan ní tirẹ̀, orúkọ ni kó máa pè.

Ọmọ kan ń gbá ẹ̀yìn òsì fún wa, ó mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí eré bá ti pẹ́ ó máa ń gbàgbé ara rẹ̀ síwájú, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àjàní ni oríkì rẹ̀. Bó bá ti tó bí àádọ́rin ìṣẹ́jú, onígángan wa á fi ìlù sọ pé, “Àjàní, má sùn. Àjàní, má sùn.” Gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á bú sẹ́rìn-ín, Àjàní á nawọ́ sókè láìwẹ̀yìn, á sì sá padà sí ààyè rẹ̀. Kóòṣì wa tí kì í dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀ ló wá ń fi ọmọ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré pé ṣé onígángan ti jí.

Torí náà, mú àwọn méjìlá rẹ lọ síbi tí àwọn eléré yín ti ń ṣe ìgbáradì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ mọ orúkọ wọn, ẹ mọ ẹ̀ka tí wọ́n wà, ẹ mọ oríkì ẹni tó bá ní. Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá ńkọ́? Ọmọ Tiv láti Benue ni aṣọ́lé wa. Ó ti ṣọ́lé fún wa fún ọdún kan àbọ̀ kó tó bi mí nídìí ìyá onírẹsì pé, “Alága, orin tí ẹ máa ń kọ lẹ́yìn mi yẹn, ṣé ẹ ń yìn mí ni àbí ẹ ń bú mi?” Ojú tì mí. Ó kọ́ wa ní orin kékeré kan lédè rẹ̀, a sì ń bà á jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tí HiFL, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí UAM Tillers, ẹgbẹ́ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi ní Benue tiwọn, gba ife náà, tí wọ́n tún gba ti 2019, ẹ̀sín tó fi wá ṣe lórí WhatsApp kò ṣeé kà tán.

Má sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba ojú yín tán. NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ní 1966, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni NIPOGA, ti àwọn poly, bó bá jẹ́ poly lo wà. Eré sísá wà níbẹ̀, jùdó wà, ìwẹ̀ wà, handball wà, wúrà tí ọmọ kan gbà nídìí jùdó ò sì kéré sí ti bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá ń ka àmì-ẹ̀yẹ. A lọ wo handball àwọn obìnrin wa nígbà kan, àwa mẹ́jọ, ìlù méjì. Kò sí èèyàn mìíràn níbẹ̀ ju kóòṣì wọn àti ọmọ tó ń ta gúgúrú lọ. Nígbà tí a lu ìlù sí i, ẹni tó ń ṣọ́lé yíjú wò wá bí ìgbà tí a ṣìnà débẹ̀. Wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà. Kí oṣù yẹn tó parí, mẹ́fà nínú wọn ti wọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú wọn ló sì di akápò tó dáa jù tí a ní rí.

Ó sì yẹ kí a ní akápò, torí ọ̀rọ̀ owó ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Kí ọmọbìnrin yẹn tó gbà á, àkáǹtì tèmi ni owó ẹgbẹ́ ń wọ̀. Mo ń ná an bó ṣe yẹ, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀rọ báńkì gbé káàdì mi mì ní ọjọ́ Jímọ̀, ìrìn-àjò sì wà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí wọ́n tún dáwó, pé tó bá di Mọ́ńdè màá dá a padà. Kí n tó délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ń sọ kiri pé alága ti jẹ ₦17,500. Mi ò jẹ ẹ́ o, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn? Odidi sáà kan ló gbà mí kí wọ́n tó tún gbà mí gbọ́. Ọmọ handball yẹn ló wá ń ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì, tó ń gbé iye tó kù sórí gúrúùpù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kódà nígbà tó bá jẹ́ ₦350 ló kù.

Owó oṣooṣù tó o béèrè, mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ gbèsè oṣù méjì ò ní wá sí pápá mọ́, á máa sá fún ọ ni. Ẹ máa dá a nígbà tí eré bá wà, kí ẹni tí kò ní gbé ìlù tàbí kó fọ jẹ́sì. Ní ti àwọn tó ti kàwé jáde, ẹ má kàn máa bẹ̀ wọ́n fún owó. Ẹ kọ́kọ́ fi fídíò ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn eré, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ pé awọ àkúbà ti ya. Ẹni tí kò ní fún yín ní ₦5,000 lásán máa ra awọ àkúbà fún yín, torí ó mọ̀ pé òun máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Owó tó bá sì wọlé, oúnjẹ onílù ni kó kọ́kọ́ jáde. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti rí onílù tó gbé gángan rẹ̀ kọ́ èjìká ní ìdajì eré tó ń lọ, tó ní òun ń lọ wá ẹ̀wà jẹ.

Jẹ́sì olóṣèlú: ẹ má gbà á. Àwa gbà á. Jẹ́sì ogójì, ó dára lójú, àmọ́ àwòrán ojú ẹni tó rà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ti ẹni kejì tó ń bá a du ipò ò wá mọ́ láti ọjọ́ kejì, orin wa sì di orin ìpolongo lẹ́nu àwọn ọ̀tá wa. Ọkùnrin náà fìdí rẹmi níbi ìdìbò. Ẹni tó wọlé kò fún wa ní nǹkan kan fún odidi ọdún kan, mi ò sì lè bá a jà.

Ìrìn-àjò lọ sí ilé-ìwé míì ni kó o fara balẹ̀ sí jù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbi tiyín, kí tiyín kọ sí tiwọn, kí sikiọ́ríti wọn mọ iye orí tó ń bọ̀. Ẹ wo táyà bọ́ọ̀sì kí ẹ tó sanwó fún awakọ̀. Táyà wa bẹ́ ní ìtòsí Asejire lọ́jọ́ kan, táyà àfirọ́pò kò sí, ìdajì wákàtí tó kù nínú eré la bá. Èyí tó burú jù ni orin èébú. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Bú aṣọ́lé wọn, bú bí bọ́ọ̀lù wọn ṣe rí, èyí ò pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa kan gbé orin tó kan ìyá balógun wọn, a ò sì mọ̀ pé ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òkúta ni wọ́n fi lé wa jáde níbẹ̀. Wọ́n fọ́ gíláàsì méjì lára bọ́ọ̀sì, ìsàlẹ̀ ojú ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé fèrè nìkan ló ń fọn sì ya débi tí wọ́n fi rán an. Àwa la jẹ̀bi, mo sì lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀ fúnra mi. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé orin nínú ẹgbẹ́ wa, ẹlòmíràn tó bá gbé orin tí ẹni yẹn kò gbé máa dákẹ́ títí eré á fi parí.

Ohun kan tó o kò béèrè nìyí. Ìyanṣẹ́lódì máa ń pa ẹgbẹ́. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba mẹ́jọ, inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ṣe NUGA ní UNILAG lóṣù kẹta. Mo lọ síbẹ̀ lọ wo àwọn ọmọ wa. Mẹ́ta ni mo bá, wọ́n mọ orin kan ṣoṣo, wọn ò ní ìlù. Inú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tì í mọ́ láti ìgbà kòrónà, eku ti jẹ awọ gángan méjèèjì tán. Tí ilé-ìwé bá ti ń fẹ́ pa dé, ẹ gbé ìlù lọ sílé ẹni tó ń gbé ìgboro. Ẹ gba orin yín sílẹ̀ sórí fóònù, gbogbo rẹ̀. Kí ẹni tó ń lu gángan sì máa kọ́ jámbáìtì kan nígbà gbogbo, kí ó má jẹ́ ọdún tó ń kàwé jáde ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa gbé e lé lọ́wọ́.

Vuvuzela kù. Ẹ má rà á. Ohùn kan ló ní, kò mọ Àjàní yàtọ̀ sí Àlàó. A ra mẹ́wàá nígbà tiwa, a fọn ọ́n nínú eré kan ṣoṣo. Ó tó bí àádọ́rin ìṣẹ́jú, mo rí onígángan wa tó ń lu “Àjàní, má sùn,” ọ̀pá ń lọ sókè-sódò, èmi tí mo dúró tì í ò gbọ́ nǹkan kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Àjàní. Àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n gbà jẹ wá. Mẹ́sàn-án ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan níbẹ̀. Ìkẹwàá, ìyá onírẹsì gé ẹnu rẹ̀, ó fi ń rọ òróró sínú ìgò.