Aránṣọ ń lọ sí mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù: ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Ọmọ mi fẹ́ gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní mùsíọ́mù aṣọ àti iṣẹ́ ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n ń gbowó ìwọlé? Kí ni kí n wò? Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè rìn títí.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Victoria and Albert Museum ni wọ́n sọ fún yín, V&A ni a máa ń pè é. Ní 1852 tí wọ́n dá a sílẹ̀, ara ìdí rẹ̀ ni pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ lè rí iṣẹ́ tó dára, kí tirẹ̀ náà lè dára sí i. Ẹ má wọlé bí àlejò o. Irú yín ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ.

Wọn kì í gbowó, àfi fún àfihàn àkànṣe. Aago 10 àárọ̀ sí 5:45 ìrọ̀lẹ́ ni. Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀, torí àtẹ̀gùn pọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin South Kensington. Wọ́n sì ń yáni ní àga onítáyà lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ mi ni láti máa mú èèyàn yí ibẹ̀ ká, mo sì ti rí i pé ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kì í rí nǹkan kan. Ohun méjì péré ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ ààfin kan tí wọ́n ń pè ní mantua, tí wọ́n rán láàárín 1740 sí 1745. Yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ máa fi gba ẹnu ọ̀nà. Òwú fàdákà tó wà lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 4.5, oríṣiríṣi sì ni. Ẹ sún mọ́ gíláàsì dáadáa: òwú kan ń dán bí omi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Orúkọ Madame Leconte, oníṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, wà lára aṣọ náà títí dòní. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú pé a rántí oníṣẹ́.

Ìkejì ni kápẹ́ẹ̀tì Ardabil, tí wọ́n hun ní ilẹ̀ Ìránì ní nǹkan bí 1540. Ó gùn ju mítà 10 lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ń tan iná sí i, ní orí aago àti ní ààbọ̀, torí náà ẹ tètè dé ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ aró. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oòrùn ń fojú àdìrẹ rí. Ẹ lè ya fọ́tò, ẹ kàn má jẹ́ kí iná kámẹ́rà kọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ní 2025, wọ́n ṣí ilé ìkẹ́rùsí wọn, V&A East Storehouse, lápá Stratford. Ẹnikẹ́ni ló lè yan ohun márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ dè é. Àdìrẹ wà nínú ohun tí wọ́n kó jọ. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti bèèrè, nítorí náà, Ìbàdàn ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn aṣọ náà hàn yín. Tí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání, mà, ẹ fi báírò sílé.