Ẹ Bi Wá: A Jọ Ń Gbélé, A Kì Í Ríra

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lóṣù yìí, ọ̀tọ̀ nibi tí kálukú ti kọ tiẹ̀ wá, àmọ́ nǹkan kan náà ló ń dùn wọ́n: ọjọ́ ń lọ, iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Àgbàdo là ń gbé, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ mẹ́ta la bí, ìbejì wà níbẹ̀. Tíṣà ni mí nílé ìwé aládàáni kan ládùúgbò wa, Victoria Island lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti ń jáde, ìgbà tó bá máa fi wọlé aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, àwọn ọmọ ti sùn. Kì í lù mí o, kì í ṣe oníṣekúṣe, ó sì ń gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka gbogbo ọ̀rọ̀ tá à ń bára wa sọ lọ́sẹ̀ kan, kò ju “owó iná ti tán”, “gáàsì ti tán”, “ṣé Kẹ́hìndé ti lo oògùn ẹ̀” lọ. Sátidé, ówàḿbẹ̀. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tó bá wá fìdí jókòó báyìí, fóònù ló ń tẹ̀. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ó yẹ kí tọkọtaya máa jókòó ṣètò ayé wọn, ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí ò fi ní dìjà? — *Ìyá Ìbejì, Àgbàdo*

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé wa, nínú ohun tí ẹ kọ yìí mi ò rí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì ẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín ni pé àwọn èèyàn ti pín àkókò yín tán kí ẹ̀yin méjèèjì tó débẹ̀. Ọ̀gá ọkọ yín mú tiẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú tiẹ̀, ẹni tó ń ṣòkú mú Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì mú Sọ́ńdè, fóònù wá kó ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni ò bi yín, ẹ̀yin náà ò sì sọ pé ẹ ò fẹ́.

Sátidé ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ló rọrùn jù láti gbà padà. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ Sátidé mẹ́rin tó kọjá sílẹ̀, ta ló ṣe kí ni, èló laṣọ ẹbí, èló lowó ọkọ̀, èló lẹ ná lójú agbo. Kì í ṣe pé kí ẹ fi bá ọkọ yín jà o, kí ẹ̀yin méjèèjì kàn lè rí i lójú ìwé ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìnáwó kan máa wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín, tó jẹ́ pé ẹ ò ní dá onínàwó gan-an mọ̀ tí ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́jà. Ẹ wá mú àwọn tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: òkú òbí, ìgbéyàwó ọmọ ìyá ẹni, ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ìyókù, ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pe onínàwó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ bá a dúpẹ́, ẹ ṣàdúrà fún un, ó tán. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló yẹ ká wò ká tó gba ankara. Àwọn kan á bínú, òótọ́ ni, wọ́n sì máa sọ pé ẹ ti ń gbéra ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni réluwéè Red Line ti ń kó èrò láti Àgbàdo yín níbẹ̀ yẹn, ó ń gba Agége, Ìkẹjà, Oshòdì, Mushin àti Yábàá kó tó parí sí Òyìngbò. Ọkọ yín ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì dé Island, aago tó ń gbéra sì lè má bá tiẹ̀ mu lójoojúmọ́, àmọ́ ẹ jọ wò ó, pàápàá fún ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé tó bá wá rí wákàtí kan gbà níbẹ̀, kí wákàtí yẹn ní iṣẹ́ tó máa ṣe kó tó di pé ẹ rí i: ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ òun ló máa wo iṣẹ́ ilé àwọn ìbejì kí wọ́n tó sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá ẹ̀ á gbọ́ pé ọkọ̀ ti yá, iṣẹ́ á sì lé sí i.

Kí ẹ tún bi í nípa lívù. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní ẹni tó bá ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó ẹ̀ pé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń fi lívù ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n dá a dúró títí ọdún á fi yípo, tí wọ́n bá sì gbà á tán, wọ́n á fi lọ sídìí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ ní kó fún yín ní ọjọ́ méjì péré nínú ẹ̀, kí ẹ ti mọ déètì ẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Bí ẹ ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ló kù. Ẹ má dá a sílẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ tí ebi ń pa á tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú nínú bàtà, òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹ dúró di alẹ́ Sọ́ńdè, tó ti jẹun, tó ti wẹ̀. Ẹ kí i kí ẹ tó sọ ohun tó ń dùn yín, ẹ lè ní, “Bàbá Ìbejì, mo mọ̀ pé torí wa lẹ ṣe ń jí nídàájí, mo dúpẹ́, ẹ ò ní fi àárẹ̀ jẹ ẹ́. Àárò yín ló ń sọ mí o, ẹ̀yin tá a jọ wà nínú ilé.” Ọkùnrin tó bá gbọ́ irú ẹ̀ kò ní gbèjà ara ẹ̀, torí ẹjọ́ ò tíì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tọrọ wákàtí kan lọ́sẹ̀, alẹ́ kan náà ní gbogbo ìgbà, kí fóònù yín méjèèjì wà lẹ́nu ṣáájà ní pálọ̀, kí ẹ̀yin wà nínú yàrá. Ẹni tó máa jẹun kúnkún, á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí kankan. Tí ìyá ọkọ bá pè lásìkò yẹn, ẹ máa pè wọ́n padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó ni kó gbẹ̀yìn níbi ìjókòó yẹn. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ, torí tówó bá ti kọ́kọ́ wọlé, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ míì ráyè, kíá lẹ máa tún ti padà sórí gáàsì àti iná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kálukú láàárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ló múnú yín dùn níléèwé, ta ló yájú sí i níbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọmọ. Kówó tó wá dé, ẹ ti rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Mò ń bá kọ́ńpìnnì kan ní New York ṣiṣẹ́ láti yàrá mi nílé àwọn òbí mi, Akóbọ̀, Ìbàdàn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mò ń bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá alẹ́ ni mò ń parí. Màmá mi ò gbà pé iṣẹ́ ni, “ìwọ tó o jókòó sílé yìí, lọ bá mi lọ ata”, àárín mítìn-ìn ni wọ́n sì máa ń wọlé. Láàárọ̀, oorun àti fóònù, ọjọ́ á kàn lọ bẹ́ẹ̀. — *Ọmọ Akóbọ̀*

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà màmá ẹ. Ní tiwọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á múra, á jáde, á sì padà wọlé, ìwọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, kí lo fẹ́ kí wọ́n pè é? Wẹ̀, wọ ṣẹ́ẹ̀tì, kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, jókòó sídìí tábìlì. Kó o wá pè wọ́n lọ́jọ́ kan kí wọ́n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, níbi tí ọ̀gá ẹ ò ti ní rí wọn, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ẹ́ ní ìbéèrè. Ìyá tó bá ti gbọ́ ọ, fúnra wọn ni wọ́n máa máa dá àwọn àbúrò ẹ lẹ́kun pé kí wọ́n má pariwo.

Kọ àsìkò iṣẹ́ ẹ sára ògiri kíṣìnnì. Rántí pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú lóṣù kẹta, wọ́n á sì dá a padà lóṣù kọkànlá, nítorí náà láàárín ìgbà yẹn aago méjì ọ̀sán ló máa bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, kí màmá má rò pé irọ́ lò ń pa. Àárọ̀ ẹ wá ni kó o fún wọn. Kí wọ́n tó rán ẹ, lọ bá wọn, béèrè pé kí lẹ fẹ́ kí n ṣe lónìí, lọ lọ ata yẹn láago mẹ́sàn-án, bá wọn pọnmi, tún àgbàlá ṣe. Ó máa lé oorun àárọ̀ yẹn lọ, wọn ò sì ní rí nǹkan rán ẹ lọ́sàn-án.

Ẹ káalẹ́ o. Peckham la wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Alẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ọ̀sán lọkọ mi fi ń wa bọ́ọ̀sì, tí òun ń wọlé ni èmi ń jáde. Lívù wa pàápàá, a máa ń gbà á ní tèmi-tìẹ kí ẹnì kan lè wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bá ti gba họ́lìdé. Ṣé bá a ṣe máa ṣe é nìyí? — *Ìyá Àwọn Ọmọ, Peckham*

Arábìnrin mi, ẹ kú ìnira. Òfin ibẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní lívù ọjọ́ 28 lọ́dún, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi gbogbo ẹ̀ ṣọ́ ọmọ ní tèmi-tìẹ. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì gbà á papọ̀, tí ọdún lívù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, torí tó bá di oṣù kẹjọ àwọn yòókù á ti gba déètì tó dáa tán. Àwọn ọjọ́ tí ó máa dín lára ìtọ́jú ọmọ, ẹ bẹ ìdílé Yorùbá kan nítòsí kí wọ́n bá yín wo àwọn ọmọ, kí ẹ gba tiwọn náà mọ́ra lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò yín.

Òfátáìmù, iṣẹ́ àlékún tí wọ́n lè pè yín fún, ńkọ́? Ẹ jókòó, kí ẹ mọ iye tí ẹ ń wá àti nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ì báà jẹ́ ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ẹdẹ tàbí owó iléèwé. Tówó yẹn bá ti pé lóṣù kan, ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé ó tó. Kí ọkọ yín sì fi rótà ẹ̀, ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti aago iṣẹ́ ẹ̀, ránṣẹ́ sí yín ní kété tó bá ti gbà á, kí ẹ jọ wá ibi tí ọjọ́ ìsinmi yín ti ṣe kòńgẹ́ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé ẹ máa wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.