Títú Slackline Léwu ju Síso Rẹ̀ Lọ

Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe so slackline (okùn pẹlẹbẹ tí a ń ta sáàárín igi méjì láti máa rìn lórí rẹ̀) mọ́ igi dóńgóyárò méjì tó wà nínú ọgbà yín ní Gwarinpa fún àwọn ọmọ, ẹ sì ní ratchet rẹ̀ (irin eléyín tí a fi ń fún okùn náà le) há nígbà tí ẹ fẹ́ tú u. Ẹ jẹ́ kí n so ìbéèrè méjèèjì pọ̀, nítorí pé ibi tí a ti ń so ó ni wàhálà títú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fa okùn náà títí tí kò fi ní dẹ̀ mọ́, kí ẹ tó máa fi ratchet fún un. Bí okùn bá ti yí ọ̀pá àárín irin náà ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìlọ́, ó ti dì í mú. Bí ẹ bá jẹ́ kó wé nípọn títí tó fi ń ha ẹ̀gbẹ́ irin, yóò há ni. Ẹ dojú ratchet dé kí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì fi okùn mìíràn so ó mọ́ igi, kó má baà fò bí nǹkan bá já.

Àṣejù ni ọ̀tá ibẹ̀. Bí ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 bá dúró láàárín okùn mítà 10, tí okùn sì tẹ̀ wálẹ̀ ní ìdajì mítà, agbára tó ń fa igi kọ̀ọ̀kan á tó ìwúwo kìlógíráàmù 350. Bí ẹ bá fún un títí tí kò fi tẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ó di 700. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ òpó báńkónì, ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí irin tí táǹkì omi dúró lé (onílé nìkan kọ́ ni ẹ ó bá wíjọ́). Dóńgóyárò dára bí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n ẹ fi òkúta lù ú: bó bá dún gbohungbohun, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù wé èèpo igi, kí ẹ má sì ta okùn sórí íńtálọ́ọ̀kì.

Nígbà títú, kí àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ̀yin náà dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní ọ̀kánkán okùn. Ẹ di ọwọ́ irin mú ṣinṣin, ẹ fa irin ìdènà (irin kékeré tó ń há sáàárín eyín ratchet kó má baà yí padà), kí ẹ sì ṣí ọwọ́ náà títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo agbára yẹn ń tú jáde, pẹ̀lú ariwo. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kúbwà fi ọwọ́ òsì di okùn mú lẹ́bàá ratchet bó ṣe ń ṣí i: okùn sáré yọ, ó sì bó awọ àtàńpàkò rẹ̀ dé oríkèé. Bí irin ìdènà bá kọ̀, ẹ fa ọwọ́ ratchet díẹ̀ bí ẹni fẹ́ fún un sí i, kí ẹrù kúrò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gé okùn tó ṣì le.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku máa ń wọ eyín ratchet, nítorí náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa tú okùn wọlé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn Àbújá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.