Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n kun ilé náà lọ́dà

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kankéré ilé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín, tí wọ́n kọ́ láìrẹ́ ojú rẹ̀, ti ń já bọ́, irin inú rẹ̀ sì ti yọjú. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kùn ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, èmi ni mo bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan, mo sì gbà kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú tó là, kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Kò ju òjò ọdún méjì lọ tí ègé kan tó tó odidi búrẹ́dì fi já lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọlé. Nígbà tí mo gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí osùn, àpá irin sì hàn lára rẹ̀ gbọọrọ. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò bá ẹnikẹ́ni.

Irin tó bá dípẹtà a máa wú, a sì máa ti kankéré kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń rẹ́ ojú ògiri fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí a padà síbẹ̀, omi la kọ́kọ́ wá: ewé ti dí páìpù tó ń gbé òjò kúrò lórí òrùlé pẹrẹsẹ náà. Lẹ́yìn náà, a ń fi òòlù kékeré lu ògiri, ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, a gbẹ́ ẹ kọjá ẹ̀yìn irin, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò títí irin fi dán, a fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, kí a tó dí i. Wíwá yanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ló pẹ́ jù, pákó la sì fi tẹ ojú rẹ̀ kí àpá pákó ìgbà ìkọ́lé má baà parẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú àwọn ilé Humanities (ẹ̀ka èdè, ìtàn àti irú wọn) tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, yàwòrán fún yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ó lè ṣíji bò ó, kí òjò má sì fẹ́ wọlé bí fèrèsé bá tilẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá torí ẹ̀rọ amúlétutù dí ojú afẹ́fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé náà.

Ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe yín kọ́kọ́ tún ibi kékeré kan ṣe lẹ́yìn ilé, níhà tí òjò ti ń fẹ́ wá, kí òjò ọdún kan sì rọ̀ lé e kí ẹ tó fa iṣẹ́ ìyókù lé e lọ́wọ́.